Orúkọ àti Ìlò: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Ọnà Ìlò ní Jàpáànì Òde Òní

Kò sí àní-àní pé àwọn ènìyàn ilẹ̀ Yorùbá ti mọ iṣẹ́ àwọn ará Jàpáànì tipẹ́tipẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó máa pè é ní iṣẹ́ ọnà. Alùpùpù Honda tí olùkọ́ ń gùn lọ sí ilé-ìwé abúlé, rédíò National tí bàbá àgbà ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ etí láti gbọ́ ìròyìn, ọkọ̀ Toyota tí ń ná ọ̀nà oko: wọ́n ń lò wọ́n, wọ́n ń tún wọn ṣe nígbà tí wọ́n bá bàjẹ́, ṣùgbọ́n ojú kò fi bẹ́ẹ̀ dúró wò wọ́n. Ìwà ohun èlò tí ó dára ni èyí. Bí ó bá ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ, ojú a gbàgbé rẹ̀. Lóde òní ẹ̀wẹ̀, òkìkí tí Jàpáànì ní káàkiri ayé nínú ọ̀rọ̀ ọnà kò fi bẹ́ẹ̀ ti ara irú nǹkan wọ̀nyí wá mọ́. Àga funfun, yàrá tí kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀, abọ́ tí kò ní ìlà kan lára, ni àwọn ìwé ìròyìn aláwòrán ń gbé jáde, wọn a sì fi kún un pé ẹ̀mí ìsìn Zen ni ó ń bẹ nínú wọn. Láàárín irú ohun àkọ́kọ́ àti irú ohun kejì yìí ni ọ̀rọ̀ ọnà Jàpáànì wà báyìí, ibẹ̀ náà ni ọjọ́ iwájú rẹ̀ sì wà.

Ọ̀rọ̀ kan gba àlàyé ná. Àwọn ará Jàpáànì yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, design, wọ inú èdè wọn. Dezain ni wọ́n ń pè é. Kí wọ́n tó yá a, wọ́n ní zuan, èyí tí ó jẹ mọ́ àwòrán tí oníṣẹ́ yóò tẹ̀ lé láti fi ṣe nǹkan. Nínú èdè Yorùbá, ọnà ni ó súnmọ́ ọn jù, nítorí pé ọnà kò mọ sí orí ère àti ìlẹ̀kùn gbígbẹ́ nìkan. Ó wà lára igbá fínfín, ó wà lára aṣọ híhun, ó wà lára irun dídì. Ọnà ìlò ni orúkọ tí ó bá èyí mu: ríronú sí bí ohun èlò yóò ti rí, bí ọwọ́ yóò ti dì í mú, ohun tí wọn yóò fi ṣe é, àti iye tí wọn yóò tà á. Oníṣọ̀nà ni ẹni tí ń ronú rẹ̀. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni ẹni tí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Kò yẹ kí òǹkàwé da àwọn méjèèjì pọ̀, nítorí pé lóde òní, ohun tí ń gbé ọ̀kan ga kì í sábà gbé èkejì.

Alùpùpù tí Honda pè ní Super Cub jáde ní ọdún 1958. Ohun tí Soichiro Honda ń wá ni alùpùpù tí ọmọ iṣẹ́ olóúnjẹ lè fi ọwọ́ kan gùn, kí ọwọ́ kejì lè gbé oúnjẹ tí ó ń gbé lọ fún oníbàárà. Nítorí náà, wọ́n ṣe é kí ẹsẹ̀ nìkan máa yí jíà, láìsí pé ọwọ́ òsì ń tẹ ohunkóhun. Wọ́n rẹ àárín rẹ̀ wálẹ̀ kí ẹni tí ó wọ yẹ̀rì lè gùn ún láìgbé ẹsẹ̀ sókè. Wọ́n fi ike bo iwájú ẹsẹ̀ kí ẹrẹ̀ má baà ta sí aṣọ. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí tí wọ́n ṣe nítorí ẹwà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò wo alùpùpù náà tí yóò sọ pé kò lẹ́wà. Nígbà tí ó fi di ọdún 2017, èyí tí wọ́n ti ṣe jáde ti pé 100,000,000.

Bákan náà ni ìgò omi sóyà Kikkoman, èyí tí ó jáde ní ọdún 1961. Kenji Ekuan ni ó ṣe é. Ọmọ olórí ẹ̀sìn Búdà ni, ní ìlú Hiroshima. Bọ́ǹbù átọ́míìkì ti ọdún 1945 ni ó gba bàbá rẹ̀ àti arábìnrin rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ àlùfáà Búdà kí ó tó lọ kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Tokyo. Ó sọ ọ́ fún aráyé pé inú ìlú tí ó ti di eérú, tí kò ṣẹ́ ku ohun tí ọwọ́ lè dì mú, ni òùngbẹ ohun èlò ti gbẹ òun. Ìgò náà kò ga, ìdí rẹ̀ gbòòrò, ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín níbi tí ìka yóò ti dì í. Ihò méjì ni ó wà lórí ìdérí pupa rẹ̀, tí ìka bá sì dí ọ̀kan, omi inú rẹ̀ a máa kán díẹ̀díẹ̀. Bí a bá gbé e nílẹ̀, kì í ṣàn sí ara. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí tí ìgò yìí ti wà lórí tábìlì láìyípadà, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n sì ń lò ó kò gbọ́ orúkọ Ekuan rí.

Àìlórúkọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun ní Jàpáànì. Ní ìdajì ẹ̀wádún 1920, Yanagi Soetsu àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ọ̀rọ̀ náà mingei sílẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ ọnà àwọn mẹ̀kúnnù. Ẹ̀kọ́ Yanagi kò le: àwọn tí kò mọ ara wọn ní oníṣọ̀nà ni wọ́n ń ṣe abọ́ tí ó lẹ́wà jù lọ, àwọn amọ̀kòkò tí ń mọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún lójúmọ́, tí kì í kọ orúkọ sí ìdí rẹ̀, tí wọ́n sì ń tà á ní owó pọ́ọ́kú. Ní ọdún 1936, ó dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan sílẹ̀ ní Tokyo fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà ga, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù tí kò ṣeé fi pamọ́. Àwọn tí ó sún mọ́ Yanagi jù, tí wọ́n ń wàásù àìlórúkọ, àwọn gan-an ni wọ́n di olórúkọ. Ọdún 1955 ni ìjọba fi Hamada Shoji ṣe ọ̀kan nínú àwọn tí ó di ìṣúra orílẹ̀-èdè náà, kò sì pẹ́ tí abọ́ rẹ̀ kúrò ní ohun tí mẹ̀kúnnù lè rà. Kawai Kanjiro nìkan ni ó kọ irú oyè bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ ni ìṣòro tí ọnà Jàpáànì ń bá yí títí di òní ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá yin ohun tí kò ní orúkọ pẹ́ títí, ìyìn náà a di orúkọ fún un.

Kò sí ibi tí èyí ti hàn gbangba tó iléeṣẹ́ Muji. Ọdún 1980 ni ó bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ ilé ìtajà Seiyu, pẹ̀lú ohun títà 40. Orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, Mujirushi Ryohin, túmọ̀ sí ọjà rere tí kò ní àmì orúkọ. Ní àkókò náà, àwọn ará ìlú ń san owó gegere lórí ọjà nítorí orúkọ tí ó wà lára rẹ̀. Ohun tí Muji sọ ni pé ọjà àwọn kò wọ́n, ó sì ní ìdí tí kò fi wọ́n. Olú gbígbẹ tí ó fọ́, tí àwọn ilé ìtajà yòókù ń ṣà dànù nítorí pé kò rí rìbìtì, ni wọ́n dì sínú ọ̀rá tí wọ́n sì tà. Adùn rẹ̀ kò yàtọ̀ nínú ọbẹ̀. Wọ́n ṣe ìwé tí wọn kò fi kẹ́míkà fọ̀ funfun, nítorí pé fífọ̀ náà kì í fi ohunkóhun kún ìwúlò ìwé. Wọ́n dín ohun tí wọ́n fi ń di ọjà kù. Ikko Tanaka, ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán ìpolówó tí ó mòye jù ní ilẹ̀ náà, ni ó darí ojú tí ọjà náà ní. Ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ òtítọ́ ni Muji ìgbà náà. Ìrísí rẹ̀ tí kò ní àṣejù jẹ́ àbájáde rẹ̀ lásán.

Nígbà tí ó fi di òpin ọ̀rúndún ogún, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Naoto Fukasawa ṣe ẹ̀rọ orin tí wọ́n ń fi kọ́ ara ògiri, tí okùn ń so rọ̀ lára rẹ̀ bí ti fáànù; ẹni tí ó bá rí i, ọwọ́ rẹ̀ yóò fa okùn náà kí ó tó bi ẹnikẹ́ni léèrè. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni. Kenya Hara sì gba ipò Tanaka, ó sì fi àlàyé ìjìnlẹ̀ ti iṣẹ́ Muji lẹ́yìn. Nínú àlàyé Hara, òfìfo kì í ṣe àìní. Ó dà bí igbá tí ẹnikẹ́ni lè bu ohun tirẹ̀ sí. Ó tọpa èrò yìí dé ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, nígbà tí Ashikaga Yoshimasa kọ́ yàrá kékeré kan sí Kyoto lẹ́yìn ogun tí ó pa ìlú náà run.

Ó yẹ kí a gbóríyìn fún àlàyé yìí, nítorí pé àwọn oníṣọ̀nà tí ó lè kọ èrò wọn sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣe ìtàn ní ṣíṣà. Ilẹ̀ kan náà ni ó kọ́ ojúbọ Toshogu ní Nikko, tí wúrà àti àwọ̀ bò láti òkè délẹ̀. Ilẹ̀ kan náà ni ó ní aṣọ kabuki, àti òpópónà Osaka tí iná ìpolówó kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú. Nígbà tí Bruno Taut, ayàwòrán ilé láti Jámánì, dé Jàpáànì ní ọdún 1933, ó gbé ààfin Katsura ga nítorí pé kò ní ọ̀ṣọ́, ó sì bẹnu àtẹ́ lu Nikko. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní ojúlówó ẹwà Jàpáànì lónìí, ojú àlejò ni ó kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀, àwọn onílé sì gbà á nítorí pé ó ń pa owó wọlé. Èyí kò sọ Katsura di ohun tí kò dára. Ohun tí ó ń fi hàn ni pé ẹni tí ó bá ń ṣe àga funfun lónìí nítorí kí wọ́n lè pè é ní ọmọ Jàpáànì, ẹ̀yìn Taut ni ó ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ẹ̀yìn Yoshimasa.

Ọjà Muji sì ti dé orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ní ọdún 2019, ilé ẹjọ́ kan ní Beijing dá a lẹ́bi nítorí pé iléeṣẹ́ Ṣáínà kan ti ní ẹ̀tọ́ sí orúkọ náà lórí àwọn aṣọ ìbùsùn kan kí ó tó dé ibẹ̀. Iléeṣẹ́ tí ó sọ ara rẹ̀ ní aláìní-orúkọ ń jà lórí orúkọ! Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ẹ̀ka rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wá ààbò lọ́dọ̀ òfin nítorí gbèsè. Kò sí ẹni tí yóò yọ̀ nítorí èyí, nítorí pé abọ́ àti ìbọ̀sẹ̀ wọn ṣì dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wọ ilé ìtajà wọn ní London kì í ra olú tí ó fọ́ mọ́; ìrísí ẹni tí kò ṣe àṣejù ni ó ń rà, ó sì ń san àlékún owó lé e lórí.

Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ fóònù, bí ó tilẹ̀ gba ibòmíràn. Ní ọdún 2003, iléeṣẹ́ au gbé fóònù Infobar tí Fukasawa ṣe jáde, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, bọ́tìnnì rẹ̀ tóbi, àwọ̀ wọn sì yàtọ̀ síra bí àdíngbẹ́ oríṣiríṣi nínú àwo kan. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní New York ti gbà á. Àwọn fóònù Jàpáànì ìgbà náà ń ya fọ́tò, wọ́n ń sanwó ọkọ̀, wọ́n ń gba tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n wọn kò wúlò kọjá etí òkun ilẹ̀ náà. Àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn fi wọ́n wé àwọn ẹranko erékùṣù Galápagos, tí wọ́n dàgbà lọ́nà tiwọn tí wọn kò sì lè gbé ibòmíràn. Nígbà tí iPhone wọ Jàpáànì ní ọdún 2008, kò pẹ́ tí wọ́n fi di ohun àná. Kí ni ó ṣẹ́ kù? Àwọn àwòrán kéékèèké 176 tí Shigetaka Kurita ṣe fún NTT DoCoMo ní ọdún 1999, tí a ń pè ní emoji, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nínú igun mẹ́rin tí kò ju ẹyọ 12 lórí 12 lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi ojú tí ń rẹ́rìn-ín sí ìsàlẹ̀ ìwé tí ó kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní àárọ̀ yìí, ọnà Jàpáànì ni ó lò, kò sì mọ̀. Kurita kò ṣe wọ́n kí wọ́n lè rí bí ti Jàpáànì. Ó ṣe wọ́n nítorí pé ọ̀rọ̀ tí fóònù lè gbé kéré, ó sì rọrùn kí olùgbọ́ ṣi ọ̀rọ̀ ṣókí gbọ́ bí kò bá rí ojú ẹni tí ó sọ ọ́.

Ìpalẹ̀mọ́ ìdíje Òlíḿpíìkì Tokyo ti ọdún 2020 ni ó tú àṣírí aáwọ̀ tí ó wà láàárín àwọn oníṣọ̀nà àti ará ìlú. Ní oṣù keje ọdún 2015, ìjọba fagi lé pápá ìṣeré tí Zaha Hadid ti yàwòrán rẹ̀, nítorí owó rẹ̀ tí ń ga sí i. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, wọ́n fagi lé àmì ìdánimọ̀ tí Kenjiro Sano yà, lẹ́yìn tí oníṣọ̀nà kan ní Bẹ́líjíọ̀mù sọ pé ó jọ ti ilé eré orí ìtàgé Liège jù. Sano sẹ́ kanlẹ̀ pé òun kò jí ti ẹnikẹ́ni, ó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé lẹ́tà T kò ní ọ̀nà púpọ̀ tí a lè gbà kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bí àwọn ará ìlú nínú ju jíjọra lọ. Àwọn tí ó ti gba ẹ̀bùn ńláńlá nìkan ni wọ́n jẹ́ kí ó du iṣẹ́ náà, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni ó sì jókòó láti yàn. Nígbà tí wọ́n ṣí ìdíje kejì sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, iṣẹ́ tí ó wọlé lé ní 14,000. Ti Asao Tokolo ni wọ́n mú ní ọdún 2016: igun mẹ́rin 45 tí ó jẹ́ oríṣi mẹ́ta, tí wọ́n tò yí po, ní àwọ̀ aró nìkan. Ọnà aṣọ àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n ìṣirò ni ó mú kí ó dúró. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó ti sọnù, kí ó wo ọdún 1964. Àwọn ọ̀dọ́ oníṣọ̀nà tí Katsumi Masaru kó jọ ni wọ́n yà àwọn àmì tí ń fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ibi oúnjẹ àti eré ìdárayá kọ̀ọ̀kan han àlejò tí kò gbọ́ èdè. Nígbà tí wọ́n parí, Katsumi ní kí gbogbo wọn fi ọwọ́ sí ìwé pé àwọn yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ wọn fún aráyé. Wọ́n fi ọwọ́ sí i.

Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ nìkan ni ó wà nínú ewu, kò bá má tó ohun tí ń kọ ènìyàn lóminú. Ọwọ́ ni ó wà nínú ewu. Ní ọdún 1974, ìjọba Jàpáànì ṣe òfin láti gbé àwọn iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ ró. Iṣẹ́ tí yóò bọ́ sí abẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, tí ọwọ́ ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí ó sì ti wà fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn tí wọ́n ti kọ sínú ìwé òfin náà lé ní 240 báyìí. Ìwé ń kún, àwọn oníṣẹ́ ń dín. Àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ wọ̀nyí kò tó ìdá mẹ́rin iye tí wọ́n jẹ́ ní ìparí ẹ̀wádún 1970, ọ̀pọ̀ wọn sì ti darúgbó.

Ẹ jẹ́ kí a mú abọ́ Wajima, ní ilẹ̀ Noto, ṣe àpẹẹrẹ. Igi ni wọ́n ń gbẹ́ fún abọ́ náà, oje igi tí wọ́n ń pè ní urushi ni wọ́n sì ń kùn ún. Wọ́n ń po ìyẹ̀fun ilẹ̀ kan tí ó wà ní agbègbè náà pọ̀ mọ́ oje yìí fún kíkùn ìsàlẹ̀, wọ́n ń fi aṣọ dì í níbi tí ó lè sán, wọ́n ń kùn ún, wọ́n ń jẹ́ kí ó gbẹ, wọ́n ń hó o, wọ́n tún ń kùn ún. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún. Kò sí ẹnì kan tí ń dá a ṣe. Ẹni tí ń gbẹ́ igi yàtọ̀ sí ẹni tí ń kun ìsàlẹ̀, ẹni tí ń kun ìsàlẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí ń kun òkè, ẹni tí ń fi wúrà ya àwòrán sí i tún yàtọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, ilẹ̀ mì tìtì ní Noto. Àwọn ilé iṣẹ́ wó, iná sì jó agbègbè ọjà òwúrọ̀ Wajima. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, omi tún ya wọ ìlú. Nínú iṣẹ́ tí ó rí bí ẹ̀wọ̀n báyìí, bí ojú kan bá já, gbogbo rẹ̀ ni ó já. Ayàwòrán olówùúrà lè ṣí lọ sí Tokyo kí ó sì máa tà. Ta ni yóò wá ẹni tí ń kun ìsàlẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í hàn sí ojú nígbà tí abọ́ bá parí? Kí òǹkàwé má sì gbàgbé pé oje tí wọ́n ń lò, láti Ṣáínà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá. Igi náà ṣì wà ní Iwate, ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lára kò pọ̀ tó.

Ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí oníṣọ̀nà wá gba oníṣẹ́ ọwọ́ là. Oníṣọ̀nà a ti ìlú dé, a yí àwọ̀ abọ́ padà sí eérú tàbí funfun, a ya fọ́tò rẹ̀ lórí pákó òfìfo, a gbé e lọ sí àfihàn ní Milan. Lẹ́yìn ọdún méjì, orúkọ oníṣọ̀nà ti dé iwájú, oníṣẹ́ ọwọ́ ṣì wà níbi tí ó wà. Ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ tí ó ní láárí wà. Iléeṣẹ́ Hosoo ní Nishijin, Kyoto, ti ń hun aṣọ láti ọdún 1688. Ọ̀já kimono ni iṣẹ́ wọn, fífẹ̀ òfì wọn kò sì ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 32 lọ. Nígbà tí ọjà kimono kú, wọn kò bẹ̀rẹ̀ sí í hun ohun ìrántí fún arìnrìn-àjò. Òfì gan-an ni wọ́n tún ṣe. Ní ọdún 2010, wọ́n ti kan èyí tí ó lè hun aṣọ tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 150, tí ó ṣeé ta mọ́ ògiri, tí ó sì ṣeé fi bo àga. Ohun tí ó mú èyí yàtọ̀ ni pé ẹni tí ó mọ òfì ni ó yí òfì padà. Nakagawa Masashichi ti Nara, tí ó ti wà láti ọdún 1716, gba ọ̀nà mìíràn: ó ń kọ́ àwọn ìdílé oníṣẹ́ ọwọ́ ní ìṣirò owó àti bí wọ́n ṣe lè ní ilé ìtajà tiwọn. Èyí kò ṣeé yà ní fọ́tò, bóyá ìdí nìyẹn tí ìwé ìròyìn kì í fi sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó.

Nígbà tí ariwo òfìfo ń lọ, àwọn ọnà Jàpáànì kan ti tàn ká ayé láìsí ariwo. Ní ọdún 1965, Seiichi Miyake ti ìlú Okayama, tí kì í ṣe oníṣọ̀nà tí ó kọ́ṣẹ́, ronú òkúta ìtẹ́lẹ̀ tí ó ní kókó lórí, nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ń fọ́ lọ. Ní ọdún 1967, wọ́n tẹ́ ẹ sí ojú títì nítòsí ilé-ìwé àwọn afọ́jú ní ìlú náà. Lónìí, ó wà ní ibùdókọ̀ rélùwéè àti ní ìkóríta ọ̀nà káàkiri àgbáyé. Ní ọdún 1991, iléeṣẹ́ Kao fi ìlà gbágungbàgun sí ẹ̀gbẹ́ ìgò ọṣẹ ìfọrun, kí afọ́jú lè fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ìgò ìpara irun. Wọn kò gbà á sí ẹ̀tọ́ ara wọn. Wọ́n jẹ́ kí àwọn abánidíje wọn lò ó, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Ẹni tí ojú rẹ̀ là, tí ó fi ojú rẹ̀ dí nítorí ìfófòó ọṣẹ, ń jẹ àǹfààní rẹ̀ pẹ̀lú.

Jàpáànì òde òní ń darúgbó. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ibẹ̀, bí 29 ni ó ti pé ọdún 65 tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, iye gbogbo wọn sì ń dín kù láti nǹkan bí ọdún 2010. Ẹni tí ó bá béèrè ibi tí ọnà ilẹ̀ náà ń lọ, ìsọ̀rí ènìyàn yìí ni kí ó kọ́kọ́ wò. Iṣẹ́ àwọn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ Tokyo jẹ́ ìdánwò kan lórí èyí. Láàárín ọdún 2020 sí 2023, wọ́n kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboògbò 17 sí Shibuya, wọ́n sì pe àwọn olókìkí bíi Tadao Ando, Toyo Ito àti Shigeru Ban láti ya àwòrán wọn. Ti Ban jẹ́ dígí tí ènìyàn ń rí inú rẹ̀ láti òde, tí kì í sì í ṣeé rí mọ́ nígbà tí ẹni tí ó wọlé bá ti tilẹ̀kùn; ẹni tí ó fẹ́ wọlé á ti mọ̀ pé ó mọ́, pé kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n fíìmù Perfect Days tí Wim Wenders ṣe ní ọdún 2023 ni ó sọ òótọ́ ibẹ̀: ẹni tí ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọ̀nyí ni ó fi ṣe akọni ìtàn, kì í ṣe ẹni tí ó yà wọ́n. Dígí Ban kò ní ìtumọ̀ ní ọjọ́ tí ẹni náà kò bá wá sí ibi iṣẹ́.

Ó jọ pé àwọn kan nínú àwọn oníṣọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ èyí. Láti ọdún 1957 ni Jàpáànì ti ń fún ọnà rere ní ẹ̀bùn àti àmì G. Ìjọba ni ó kọ́kọ́ dá a sílẹ̀ kí ọjà ilẹ̀ náà má baà máa jọ ọjà àwọn ẹlòmíràn. Fún ìgbà pípẹ́, ọkọ̀, kámẹ́rà àti ẹ̀rọ ni wọ́n ń fún. Ní ọdún 2018, ẹ̀bùn tí ó ga jù lọ bọ́ sí ọwọ́ Otera Oyatsu Club, ètò tí àwọn tẹ́ḿpìlì Búdà fi ń pín oúnjẹ tí àwọn olùjọsìn mú wá fún Búdà sí ọ̀dọ̀ àwọn òbí tí ń dá tọ́ ọmọ tí ebi ń pa. Ní ọdún 2023, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Chiba ni ó gbà á, ilé gígùn tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ nà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, tí àwọn aládùúgbò lè jókòó sí. Ní ọdún 2024, ohun ìṣeré tí àwọn ọmọ aláìlera lè bá àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣeré lórí rẹ̀ ni ó gbà á.

Àwọn kan ṣàròyé pé pípín oúnjẹ kì í ṣe ọnà. Àròyé náà kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Nǹkan wà ní ibìkan, kò sí ní ibòmíràn, ẹnì kan sì ronú ọ̀nà tí yóò gbà dé ibẹ̀ láìsí ìtìjú fún ẹni tí yóò gbà á. Kò yàtọ̀ sí ohun tí Honda ṣe nítorí ọmọ iṣẹ́ olóúnjẹ ní ọdún 1958. Bí àríwísí bá wà, òun ni pé ẹ̀bùn ọdọọdún rọrùn láti fún ju owó iṣẹ́ tí ó tọ́ lọ. Àwọn tí ń tọ́jú arúgbó nínú ilé gígùn náà àti ẹni tí ń kun ìsàlẹ̀ abọ́ ní Wajima, iṣẹ́ tí kò fa ọ̀dọ́ mọ́ra ni àwọn méjèèjì ń ṣe, kò sì sí ìrísí tí ó lè dí àlàfo yẹn.

Ní ọdún 2003, Issey Miyake, aránṣọ tí ayé mọ̀, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ó yẹ kí Jàpáànì ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún ọnà ìlò. Ilé àfihàn 21_21 Design Sight, tí Ando yàwòrán rẹ̀, jáde láti inú akitiyan yẹn ní ọdún 2007 ní Tokyo. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ìjọba, kì í sì í kó ohun èlò pamọ́. Miyake kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2022 láìrí ilé tí ó bẹ̀bẹ̀ fún. Ìgò Ekuan àti fóònù Infobar rọrùn láti gbé sínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Òkúta Miyake ti Okayama náà ṣeé tẹ́ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ́ ọ lọ́la, yàrá wo ni wọn yóò fi sí fún oúnjẹ tí ó kúrò ní ojúbọ tẹ́ḿpìlì lọ sí ilé ọmọ tí ebi ń pa, kí ni wọn yóò sì gbé ka orí pẹpẹ nítorí ẹni tí ń kun ìsàlẹ̀?